Àfọ́kù táìsì àti àwo tánganran: báwo ni mo ṣe lè fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ọgbà tí òjò ò ní bàjẹ́?

Ìyá Àkóbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tán ni, òkìtì àfọ́kù táìsì táwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kò sì kéré. Funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, aláwọ̀ igi wà, aláwọ̀ ewé náà wà díẹ̀. Mo tún ní páálí àwo tánganran kan, àwo tí màmá mi ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, tó wá fọ́ nígbà tí à ń kẹ́rù. Òdòdó búlúù wà létí wọn, mi ò lè gbé wọn lọ sí ààtàn. Baálé mi ti ní kí n pe àwọn akólẹ̀ kí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ ọgbà ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ojú fẹ́ǹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí mo fẹ́ ya igi sí, kí ewé rẹ̀ jẹ́ táìsì, kí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwo màmá mi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tún wà láti ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì dé ibi tí a ń sá aṣọ. Ilẹ̀ lásán ni, bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí: wọ́n ti kun fẹ́ǹsì yẹn ní ọ̀dà. Ṣé táìsì á dì mọ́ ọ̀dà? Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ àbúrò mi fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn ọmọ iléèwé ń lò lẹ àfọ́kù mọ́ ìkòkò òdòdó kan fún mi, ìkòkò amọ̀. Ó rẹwà gan-an. Òjò oṣù kẹrin dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, símẹ́ǹtì ti wọ́n jù kéèyàn máa fi ṣeré.

Dèjì Ọlọ́wọ́-iṣẹ́

Ẹ má dààmú ara yín, mà. Gọ́ọ̀mù táìsì inú àpò ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi omi pò ó, ẹ lẹ̀ ẹ́. Ó tán.

Ọ̀gá Onítáìsì (Orílé)

Kò tíì tán o, àbúrò. Táìsì ni mo ń lẹ̀ jẹun ní Èkó, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń pè mí sí jù ni pé kí n wá tún èyí tó já bọ́ lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀mù kọ́ ló kùnà, ohun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni.

Màmá, bẹ́ ẹ bá lẹ táìsì sórí ọ̀dà, ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù máa dì mú, kì í ṣe fẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá ṣí kúrò lára pílásítà, táìsì á bá a lọ. Torí náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí ibi tí igi yín máa wà ká, ẹ há ọ̀dà ibẹ̀ kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù sá pílásítà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú. Kẹ́ ẹ tó ṣèyẹn pàápàá, ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kan ògiri yẹn jẹ́jẹ́ yíká. Ibi tó bá dún bí ibi tó ṣófo, pílásítà ibẹ̀ ti yọ kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ wó o, kí bíríkìlà tún un rẹ́.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì náà dáadáa. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń yọ síta níbẹ̀, omi ń gòkè láti inú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí igi yín bẹ̀rẹ̀ lókè ibẹ̀. Ẹ wo orí fẹ́ǹsì náà. Bí wọn ò bá fi kọnkéré dé e lórí, òjò á máa gba òkè wọ inú búlọ́ọ̀kù, á sì máa ti táìsì yín láti ẹ̀yìn. Òjò tó ń rọ̀ sójú táìsì kì í ṣe é ní nǹkan kan. Omi ẹ̀yìn ló ń pa á.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn: gọ́ọ̀mù funfun iléèwé máa ń yọ́ padà bí omi bá kàn án, ti inú ilé ni, ti ìwé àti páálí ni. Àti pé ìkòkò amọ̀ máa ń mu omi láti inú. Bẹ́ ẹ ṣe ń bu omi rin òdòdó ni omi yẹn ń gba ara amọ̀ jáde sẹ́yìn àfọ́kù. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò kun inú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí òórùn rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Kí ihò ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí o.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Táìsì kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ dojú àfọ́kù délẹ̀, ẹ kán omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fa omi náà mu, táìsì ògiri lásán ni, símẹ́ǹtì àti gọ́ọ̀mù ló máa dì í mú dáadáa. Bí omi bá dúró síbẹ̀ tí kò lọ, èyí tó le, tó wúwo, tí wọ́n ń tẹ́ sí pálọ̀ nìyẹn; símẹ́ǹtì lásán kò rí ibi wọ̀ lára rẹ̀, àfi gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé ó wà fún irú rẹ̀. Ẹ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti pò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ tún rò ó, má ṣe fi omi kún un mọ́. Ẹ má nà án ju ibi tẹ́ ẹ lè lẹ̀ tán láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìka kàn án: bí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ há a dànù.

Ọmọ Òṣogbo

Ọ̀gá, mo júbà. Ti omi ẹ̀yìn yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ bí gbogbo nǹkan ṣe wá di gọ́ọ̀mù inú àpò. Símẹ́ǹtì àti yanrìn la fi ń ṣiṣẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó dé ọjà. Ẹ wá wo igbó Ọ̀ṣun níbí. Àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí ṣe síbẹ̀, símẹ́ǹtì ni. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, UNESCO sì kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ta ló lẹ nǹkan kan níbẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù?

Bí èmi ṣe ń ṣe é: símẹ́ǹtì pánù 1, yanrìn pánù 3. Kí yanrìn náà jẹ́ èyí tó gún lọ́wọ́, tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ nínú. Kí omi má pọ̀. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dúró bí ẹ ṣe fún un, kí omi má ro. Ẹ bu omi wọ́n ògiri tẹ́ ẹ ti sá, kí omi ojú rẹ̀ wọlé tán, ẹ na símẹ́ǹtì sí i kó nípọn tó ìka kan, kẹ́ ẹ wá máa tẹ àfọ́kù wọnú rẹ̀ títí á fi rì dé ìdajì. Ibi tẹ́ ẹ lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú ni kẹ́ ẹ nà. Bó bá di ọjọ́ kejì, àpò ìrẹsì tó tutù lẹ máa fi bò ó, ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ àpò yìí ló ṣe kókó jù, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fa omi kúrò lára símẹ́ǹtì kó tó le, á wá máa ya.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, bíi ti Jimoh Buraimoh tó sọ ìlẹ̀kẹ̀ di àwòrán láti àwọn ọdún 1960 níbí, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ni kẹ́ ẹ wá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá, inú ilé ni kó gbé. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, pupa á ti di awọ ara.

Ọ̀gá Onítáìsì (Orílé)

Ọmọ Òṣogbo, ẹ má pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Símẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni àwọn ère yẹn, wọn ò lẹ nǹkan tó ń dán mọ́ ọn. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ń tún wọn ṣe léraléra, wọn ò kàn dá wọn dá òjò. Màmá fẹ́ lẹ táìsì pálọ̀. Bí mo bá fi símẹ́ǹtì lásán lẹ èyí fún oníbàárà, màá padà wá lẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Òṣogbo

Mo gbà fún yín lórí táìsì pálọ̀. Àmọ́ ti àwo tánganran, mi ò gbà. Àwo tinrin, etí rẹ̀ tó fọ́ máa ń ṣe págunpàgun, bó bá ti rì dé ìdajì, símẹ́ǹtì ti gbá a mú yíká nìyẹn. Kò nílò gọ́ọ̀mù. Kẹ́ ẹ sì tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbóná fọ̀ ọ́, òróró ọbẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì mú nǹkan.

Àpáàdì_Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ló kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ táìsì dídán sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ níbẹ̀! Omi ọṣẹ aṣọ, bàtà sílípáàsì, abọ́ aṣọ tútù lọ́wọ́: ìṣubú ni.

Àwọn baba ńlá wa níbí ti yanjú ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ símẹ́ǹtì. Wọ́n á to àpáàdì lórí ìdúró, kí etí rẹ̀ kọjú sókè, wọ́n á fún un pọ̀ gbọn-in. Ìlà kan á dà sọ́tùn-ún, èkejì á dà sósì, títí á fi dà bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun là á láàárín. Àwọn tó ń wú ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ rí i ní Ìta Yemòó, wọ́n rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá, ó sì ti lé ní 500 ọdún. Irú rẹ̀ wà ní Notsé ní Tógò náà. Ìtàn tí wọ́n ń pa fún wa nílé ni pé Ọ̀ọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ìgboro bẹ́ẹ̀ torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin náà kò fẹ́ ẹrẹ̀, àbí?

Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé etí ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kì í ṣe ojú. Ohun tó tẹ́ pẹlẹbẹ máa ń là bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ohun tó dúró tó sì fún pọ̀, ṣe ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Etí tó fọ́ náà kì í yọ̀.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é: ẹ wa ilẹ̀ náà jìn tó ìbú ọwọ́ méjì, ẹ da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti iyẹ̀pẹ̀ pupa sí i, ẹ gún un kó le. Ẹ jẹ́ kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Nínú mítà kan, kí ẹ̀gbẹ́ kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, kí omi lè máa sá lọ síbi tí kò ti ní padà sẹ́yìn ilé. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá pò símẹ́ǹtì mọ́ yanrìn ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ máa to àfọ́kù táìsì tó nípọn sínú rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ fi pákó lé e lórí, ẹ fi òòlù gbá pákó náà kó tẹ́jú. Ẹ gbá símẹ́ǹtì gbígbẹ tó kù wọ àlàfo, ẹ wá fi abọ́ ìbomirin wọ́n omi sí i jẹ́jẹ́.

Ohun kan tó kù: bẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tó bá kan irú àpáàdì títò bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tà á fún yín. Òfin ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 kò gbà á. Kí wọ́n lọ pe àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àpáàdì tòní pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò.

Táyé Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yín dùn. Èmi náà ní àbá. Bí ẹ kò bá fẹ́ ba fẹ́ǹsì jẹ́, ẹ wá àwọn páálí sílíìnì àtijọ́, ásíbẹ́stọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣí kúrò nílé àwọn ará ìgbà yẹn. Ọ̀fẹ́ ni! Ẹ gé e bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ lẹ àfọ́kù sí i, ẹ gbé e kọ́ fẹ́ǹsì. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó fọ́ náà dára, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ló kún sí. Mo tún fẹ́ fi rọ́ọ̀dù àti wáyà ṣe òkín ńlá kan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá

Táyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé! Ẹ má gé ásíbẹ́stọ́ọ̀sì, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi sáǹdípépà fá a. Eruku rẹ̀ jẹ́ okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, àrùn tó ń fà, títí kan jẹjẹrẹ, lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Ẹni tó gé e lónìí á máa rò pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Èyí tó bá wà lórí òrùlé tí kò fọ́, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá ti fọ́, ẹ bu omi sí i kó tutù, ẹ má gbá a, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé sún mọ́ ọn.

Bí mo ṣe wà níbí náà, símẹ́ǹtì ń jẹ ara. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kì í ṣe ti òwú. Ti òwú á fa omi símẹ́ǹtì mu, á wá gbé e lé ọwọ́ yín fún wákàtí púpọ̀. Awò ojú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́ táìsì. Ẹ fi àpò wé e kẹ́ ẹ tó fi òòlù lù ú.

Ọlọ́rọ̀ Dígí

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀ ńkọ́? Táyé, iwájú ọkọ̀ kọ́. Gíláàsì iwájú ní ọ̀rá láàárín, bó bá fọ́, ńṣe ló máa dì mọ́ ọ̀rá náà. Ẹ máa fi ọjọ́ odindi bó o, ọwọ́ yín á sì ya. Ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ìyẹn máa ń fọ́ sí wóróbo wóróbo, etí rẹ̀ kì í mú púpọ̀, bó bá sì gba oòrùn, á máa tan. Ẹ kun ògiri ní àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ sórí, àwọ̀ yẹn ló máa hàn láti abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Onítáìsì (Orílé)

Ẹ má kun ògiri o! Kí la ti ń sọ látàárọ̀? Àwọ̀ ẹ̀yìn gíláàsì náà ni kẹ́ ẹ kùn, tàbí kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun inú àpò lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú á sọ gíláàsì di dúdú.

Ọlọ́rọ̀ Dígí

Ẹ̀yìn gíláàsì tí ẹ bá kùn náà, ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù máa dì mú, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Onítáìsì (Orílé)

Ẹ ti mú mi. Gọ́ọ̀mù funfun, ká fi mọ síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Ẹ kú àárọ̀ o láti Lọ́ńdọ̀nù. Àfikún kékeré nìyí fẹ́ni tó bá wà nílùú òtútù bíi tèmi: àwo ìjẹun kò yẹ fún ìta níbí. Ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó fọ́, omi yẹn á dì di yìnyín nínú rẹ̀, á sì fẹ̀, ojú dídán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Táìsì tó le, tí kò mu omi, ni kẹ́ ẹ lò, tàbí kẹ́ ẹ gbé ìkòkò wọlé bó bá ti di oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé kò ní ìṣòro yìí, ẹ dúpẹ́.

Fún Ìyá Àkóbò: ẹ má dúró lójú fẹ́ǹsì nínú oòrùn kẹ́ ẹ máa ronú ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan máa wà. Ẹ ya igi náà sórí páálí ńlá lórí ilẹ̀ pálọ̀, bó ṣe tóbi gan-an. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ́ lé ọ̀rá. Nẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun, ilé ìtajà táìsì máa ń ní in. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rọ̀ jù. Ẹ to àfọ́kù sórí rẹ̀, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ nẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí omi ò lè yọ́, kí ojú wọn kọjú sí yín. Bó bá gbẹ, ẹ gé e sí abala abala, kí abala kọ̀ọ̀kan má ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbé. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá dé, ẹ na gọ́ọ̀mù sí fẹ́ǹsì, ẹ tẹ abala kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tò, ọjọ́ kan lẹ máa fi gbé e sókè. Ọkọ yín á rò pé wọ́n rà á ni.

Ọmọ Òṣogbo

Ọgbọ́n yìí dára fún gọ́ọ̀mù. Fún símẹ́ǹtì tèmi, nẹ́ẹ̀tì kò ní jẹ́ kí àfọ́kù rì dáadáa. Ẹ yan ọ̀kan.

Àkànní L.A.

Táyé, ọ̀rọ̀ òkín yín. Níbi tí mo wà, Los Angeles, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Simon Rodia, ará Ítálì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan kọ́ àwọn ilé ìṣọ́ Watts láti 1921 sí 1954. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ń lọ sí bíi mítà 30. Irin ni, ó wé wáyà nẹ́ẹ̀tì mọ́ irin, ó fi símẹ́ǹtì bò ó, ó sì tẹ àfọ́kù ìgò, àwo, táìsì àti ìkarahun òkun sí i lára. Kò jó irin kan pọ̀, wáyà ló fi ń so oríkèé wọn. Nígbà tí ìjọba ìlú fẹ́ wó o ní 1959 pé ó léwu, wọ́n fi ẹ̀rọ fà á wò, kò wó.

Ohun tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ni: wáyà nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ, ẹ wé e mọ́ rọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ so ó gírígírí kó má mì. Bó bá ń mì, símẹ́ǹtì á ya. Ìpele àkọ́kọ́ símẹ́ǹtì, ẹ fi ọwọ́ tì í wọnú wáyà títí á fi jáde lódì kejì. Ẹ jẹ́ kó le, ẹ fi ẹ̀ka fá ojú rẹ̀ kó rí págunpàgun, ẹ wá fi ìpele kejì tí àfọ́kù máa wà nínú rẹ̀ lé e. Kí símẹ́ǹtì tó bo irin yẹn má dín ní sẹ̀ǹtímítà 2. Irin tó bá hàn síta á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì fọ́ símẹ́ǹtì láti inú.

Táyé Ìkòròdú

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́. Táyà ọkọ̀ ńkọ́? Mo ti gé méjì ṣe ìkòkò òdòdó.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá

Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Omi tó bá dúró nínú táyà, ẹ̀fọn ló ń tọ́.

Ìyá Àkóbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín! Baálé mi ti ka gbogbo ẹ̀, wọ́n ní kí n bi Ọ̀gá Onítáìsì iye tó máa gbà. Mo ti fi òòlù kan fẹ́ǹsì náà, apá òsì dún, apá ọ̀tún kò dún. Igi náà máa wà lápá ọ̀tún. Mo ti ṣà táìsì pẹ̀lú omi, púpọ̀ nínú wọn ni kò fa omi mu, torí náà gọ́ọ̀mù ni fún fẹ́ǹsì, ọgbọ́n nẹ́ẹ̀tì Ìyá Ìbejì ni màá sì lò. Ìkòkò òdòdó ni màá fi ti Ọmọ Òṣogbo ṣe pẹ̀lú àwo màmá mi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, lórí ìdúró.

Ìbéèrè méjì ló kù. Mo ní owó ẹyọ díẹ̀ àti dígí tó fọ́. Mo fẹ́ fi owó ẹyọ ṣe èso orí igi, kí n fi dígí ṣe ẹyẹ. Ṣé méjèèjì dára bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì? Tẹ̀gàn kọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹnì kan ládùúgbò wa to owó ẹyọ yí ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ká, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni àwọn aládùúrà ti wá ń da òróró sí géètì rẹ̀ lóru. Ìyá ọkọ yín náà lè wá kí yín, ẹ rántí.

Àpáàdì_Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n da òróró. Owó ni owó ẹyọ, òun la fi ń ná ọjà kó tó di ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹ fi ọṣẹ fọ òróró wọn kúrò.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ní kó fi wọ́n sára ìkòkò inú fàráńdà, níbi tí ojú rẹ̀ máa tó o. Ìkarahun ìgbín náà dára, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù ìgbín tí wọ́n ti jẹ. Ẹ sè é, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ sá a, kẹ́ ẹ fi símẹ́ǹtì kún inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ á fọ́ ọ.

Ọlọ́rọ̀ Dígí

Dígí: símẹ́ǹtì àti omi máa ń jẹ fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀, á máa yọ àbààwọ́n dúdú láti etí wọlé. Ẹ kun ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkónì tí kì í run bíi fínígà lẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ kékeré ni kẹ́ ẹ fi ṣe o. Ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ àti omi pọ́n etí rẹ̀ àti ti gíláàsì gbogbo, pàápàá níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Dèjì Ọlọ́wọ́-iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo dákẹ́ láti àná, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń dí àlàfo máa ń bo ojú táìsì. Bíríkìlà wa máa ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ó sì ń mọ́ kíá.

Ọ̀gá Onítáìsì (Orílé)

Ó ń mọ́ kíá, ó sì ń jẹ símẹ́ǹtì inú àlàfo náà kíá. Ó tún máa pa ìtàkùn tí màmá gbìn sídìí fẹ́ǹsì. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó dí àlàfo. Ẹ fi rọ́bà tì í wọlé, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15 títí ojú rẹ̀ á fi ṣú, ẹ wá fi fóòmù tó tutù tẹ́ ẹ ti fún gbẹ nù ún ní yíyípo, ẹ máa ṣan fóòmù náà nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ kejì, akísà gbígbẹ. Bí ó bá ṣì kù, fínígà díẹ̀ nínú omi púpọ̀, ẹ tètè ṣan án kúrò.

Màmá, ti owó iṣẹ́, ẹ fi àwòrán fẹ́ǹsì náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí apá òsì tó ń dún wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún ibẹ̀ rẹ́ o, torí omi tó bá wọ apá òsì lè rìn gba inú búlọ́ọ̀kù dé apá ọ̀tún.